Kylon: Ó Gbégbá Orókè ní Olympia, Ó Fìdí Rẹmi ní Áténì

Lákòókò òtútù tó so ọdún 432 pọ̀ mọ́ 431 ṣáájú ìbí Jésù, nígbà tí èéfín ogun ti ń rú láàárín Sparta àti Áténì, àwọn ará Sparta rán ikọ̀ sí Áténì. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè kì í ṣe ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe owó. Wọ́n ní kí Áténì lé àwọn tí ègún òrìṣà wà lọ́rùn wọn jáde nílùú. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ tí kò mọ ilé tí òkò náà ń lọ. Perikles ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń múlẹ̀ jù nílùú lásìkò yẹn, ọmọ ìdílé Alkmeon sì ni ìyá tó bí i. Ìdílé yẹn gan-an ló ni ègún. Ọ̀ràn tó bí ègún náà, ọ̀ràn ọkùnrin Áténì kan tó ń jẹ́ Kylon, ti ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún ṣáájú ìgbà yẹn.

Thucydides, tó ń kọ ìtàn ogun ọ̀hún, ní láti dá ìtàn rẹ̀ dúró níbẹ̀ kó tó lè ṣàlàyé. Èmi náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ to ọ̀ràn yìí bí akọ̀wé kóòtù ṣe ń to ẹjọ́: ta ló ṣe kí ni, ibo ló ti bà jẹ́, kí ló tìdí rẹ̀ yọ. Gbogbo ọdún tí mo bá dá, ṣáájú ìbí Jésù ni, àfi níbi tí mo bá ti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ti ka ìtàn àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ á ti gbọ́ ọ pé ìdíje ló sọ wọ́n di ohun tí wọ́n dà. Wọ́n ń sáré, wọ́n ń jìjàkadì, àwọn akọrin ń figa gbága, kódà ayàwòrán-sára-ìkòkò kan ní Áténì tó ń jẹ́ Euthymides kọ ọ́ sára ìkòkò rẹ̀ pé Euphronios, ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, kò ṣe irú rẹ̀ rí. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìdíje nìkan kì í kọ́lé, ó lè wó o. Nínú ọ̀ràn Kylon ni mo ti rí i pé èyí tó pọ̀ nínú òfin àti ilé ẹjọ́ Áténì, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń dáhùn: ẹni tí a bá ti borí, kí ni ká ṣe é?

Eléré ìje náà

Ọmọ ilé ọlá ni Kylon. Lọ́dún 640, ó borí nínú eré ìje diaulos ní Olympia. Eré àlọ àti àbọ̀ ni: wọn á sá láti ìlà ìbẹ̀rẹ̀ dé ìkangun pápá, wọn á yí òpó po, wọn á sá padà síbi tí wọ́n ti ṣí. Pápá Olympia gùn tó nǹkan bíi mítà 192, ìyẹn ni pé àlọ àti àbọ̀ sún mọ́ mítà 384. Ẹni tó bá borí, ewé ólífì ìgbẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe adé fún un. Kò sí ẹ̀bùn fún ẹni tó ṣe ipò kejì, kò sí fún ẹni tó ṣe ipò kẹta. Ẹnì kan gbadé, ìyókù relé.

Wọ́n relé, àmọ́ láàyè ni wọ́n relé. Ohun tí mo fẹ́ ká mú dání nìyẹn. Bó ti wù kí ìdíje Olympia le tó, ọjọ́ rẹ̀ lójú, ìlà rẹ̀ hàn, àwọn onídàájọ́ wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ara àwọn tó ń sáré, gbogbo èèyàn ló sì mọ ìgbà tó parí. Ìtìjú ni wọ́n fi ń sin ẹni tó fìdí rẹmi lọ sílé. Ìtìjú kì í sì í pààyàn.

Nílé lọ́hùn-ún ní Áténì, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìdílé ńláńlá tí wọ́n ń pè ní Eupatridai, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ò jìnnà sí "ọmọ baba rere", ló ń pín ìlú jẹ. Olóyè mẹ́sàn-án tí wọ́n ń pè ní archon ló ń ṣàkóso, ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń lò kí òmíràn tó wọlé. Ipò mẹ́sàn-án, ọdún kan, ìdílé púpọ̀. Òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀ kò sí. Bí ọmọ baba rere kan bá ní kí ọmọ baba rere kejì kúrò lọ́nà fóun, ta ni yóò dá wọn lẹ́kun? Àwọn fúnra wọn náà ni.

Kì í ṣe Áténì nìkan lọ̀rọ̀ yìí ń dùn. Ní Dreros, ìlú kékeré kan ní erékùṣù Kirete, wọ́n gbẹ́ òfin kan sára òkúta ní nǹkan bí ọdún 650, ó sì wà lára òfin Gíríìkì tó pẹ́ jù tó ṣì wà títí dòní. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó bá ti joyè kosmos, kò gbọ́dọ̀ joyè náà mọ́ fún ọdún mẹ́wàá. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohun yòówù tó bá fi dá ẹjọ́, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni yóò san, kò sì ní wúlò fún nǹkan kan mọ́ títí ayé rẹ̀. Òfin tó pẹ́ tó báyìí, ọ̀rọ̀ olè kọ́, ọ̀rọ̀ ààlà oko kọ́. Ọ̀rọ̀ ẹni tó gorí àga tí kò fẹ́ sọ̀ ni.

Kylon gbé ọmọ Theagenes níyàwó. Theagenes yìí ni tyrannos ìlú Megara, tó bá Áténì pààlà. Tyrannos ni ẹni tó fi tipátipá gba ìlú tó sì ń dá nìkan lò ó. Aristotle sọ bí Theagenes ṣe dé ibẹ̀: ó bá ẹran ọ̀sìn àwọn olówó níbi tí wọ́n ti ń jẹko létí odò, ó dúńbú àwọn ẹran náà, inú àwọn tálákà dùn sí i. Kylon wá di àna irú ẹni bẹ́ẹ̀. Adé Olympia wà lórí rẹ̀, baba ìyàwó rẹ̀ ń dá nìkan jọba ní ìlú kejì. Ẹ jẹ́ ká má purọ́, ọ̀pọ̀ wa ni orí ì bá wú bíi tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òrìṣà àti ìtumọ̀ rẹ̀

Ó lọ sí Delphi lọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Apollo. Òrìṣà dá a lóhùn pé kó gba òkè Akropolis, àpáta tí ojúbọ Athena wà lórí rẹ̀ láàárín Áténì, lọ́jọ́ àjọ̀dún Zeus tó tóbi jù lọ. Kylon ò bi í ní èkejì. Àjọ̀dún Zeus tó tóbi jù lọ, èwo ni ì bá tún jẹ́ bí kì í ṣe Olympia? Òun tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ló ti gbadé?

Thucydides ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀ níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Ó ní òrìṣà ò sọ bóyá àjọ̀dún ti Áténì ni tàbí ti ìlú mìíràn, Kylon náà ò sì wádìí. Áténì ní àjọ̀dún Zeus tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Diasia. Ẹ̀yìn odi ni wọ́n ti ń ṣe é, gbogbo ìlú ló ń lọ, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í fi ẹran rúbọ níbẹ̀, ohun ìrúbọ ìbílẹ̀ ni wọ́n ń gbé lọ. Lọ́jọ́ tí gbogbo ìlú bá wà lẹ́yìn odi, ta ló máa ṣọ́ òkè? Ẹni tó bá mọ bí ọ̀rọ̀ òrìṣà ṣe ń wá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í ṣòro, ìtumọ̀ rẹ̀ ni iṣẹ́ wà nídìí rẹ̀. Adé tó wà lórí Kylon ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un.

Ó gba ọmọ ogun lọ́wọ́ àna rẹ̀, ó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́ra, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ orí gẹ́gẹ́ bí Herodotus òpìtàn ṣe wí. Ọdún Olympia ni ọdún náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé 632 ni. Nígbà tí àjọ̀dún bẹ̀rẹ̀ ní Olympia, wọ́n gun òkè, wọ́n gbà á.

Lójú tèmi, ibi tó ti bà jẹ́ ju ọ̀rọ̀ àjọ̀dún lọ. Àwọn ọmọ ogun Megara ló kó wọ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìlú gba òun tọwọ́ tẹsẹ̀, tó wá kó ọmọ ìlú tó bá wọn pààlà gun orí ojúbọ wọn, ó ti sọ ìjà ìdílé di ogun. Àwọn èèyàn gbọ́ níbi tí wọ́n wà lóko, wọ́n jù ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n rọ́ wá látọ̀nà jíjìn, wọ́n yí àpáta náà ká. Kylon ti rò pé àárín òun àti àwọn ọmọ baba rere bíi tòun ni eré náà wà. Kò retí pé àwọn òǹwòran á wọ pápá.

Orí àpáta

Àpáta Akropolis ṣòroó gùn, nítorí náà ó ṣòroó sọ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Ó sú àwọn ará oko. Iṣẹ́ wà nílé. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn padà lọ, wọ́n fi ọ̀ràn náà lé àwọn archon mẹ́sàn-án lọ́wọ́ pé kí wọ́n ṣe é bí wọ́n bá ṣe rí i pé ó tọ́. Lórí òkè, oúnjẹ tán, omi tán. Thucydides ní Kylon àti àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin rí ọ̀nà yọ́ sá lọ. Àwọn tó tẹ̀ lé e wá ni wọ́n fi sílẹ̀. Nígbà tí ebi ti ń pa àwọn kan nínú wọn kú, ìyókù lọ jókòó ti pẹpẹ, wọ́n sá di òrìṣà. Ẹni tó bá mọ ìtàn bí Adonijah ṣe lọ di ìwo pẹpẹ mú nínú Bíbélì mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: ẹni tó bá fọwọ́ kan ohun òrìṣà, ẹ ò lè fọwọ́ kàn án.

Àwọn tó ń ṣọ́ wọn rí i pé òkú ti fẹ́ máa sùn nínú ilé òrìṣà. Èèwọ̀ ńlá nìyẹn. Wọ́n bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dìde, wọ́n ṣèlérí pé àwọn ò ní ṣe wọ́n ní ibi.

Plutarch, tó kọ tirẹ̀ ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rin ọdún ó dín ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, fi nǹkan kan kún un tí ojú inú mi ò lè gbàgbé. Ó ní Megakles, tó jẹ́ archon lọ́dún náà, ọmọ ìdílé Alkmeon, ló pàrọwà fún wọn kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá jẹ́jọ́. Ẹ̀rù ń bà wọ́n. Wọ́n wá mú okùn òwú, wọ́n so ìkangun kan rẹ̀ mọ́ ère Athena, wọ́n di ìyókù mú, wọ́n ń sọ̀ bọ̀. Ẹ fojú inú wò ó: àwọn ọ̀dọ́ ọlọ́lá tí ebi ti hàn lójú wọn, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn lórí àpáta, okùn tín-ín-rín kan lọ́wọ́ gbogbo wọn, wọ́n ń tú u díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ. Níwọ̀n ìgbà tí okùn náà bá ṣì wà lára ère, wọ́n ṣì ń fọwọ́ kan òrìṣà. Wọ́n rò pé àwọn lè fa pẹpẹ gùn dé ilé ẹjọ́.

Nígbà tí wọ́n dé itòsí ojúbọ àwọn Semnai, àwọn òrìṣà obìnrin tí wọ́n ń bẹ̀rù gidigidi, okùn já.

Plutarch ní fúnra rẹ̀ ló já. Megakles àti àwọn archon yòókù ò jẹ́ kí ilẹ̀ gbà á: wọ́n ní òrìṣà ti kọ̀ wọ́n. Àwọn tó wà lójú ọ̀nà, wọ́n sọ wọ́n lókùúta pa. Àwọn tó tún sáré lọ dì mọ́ pẹpẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ti dúńbú wọn. Kìkì àwọn tó ráyè bẹ ìyàwó àwọn archon ló yè é.

Bí okùn náà bá já fúnra rẹ̀ tàbí ẹnì kan ló já a, ìyẹn ò dí mi lọ́wọ́. Èyí tó ṣe mí ní kàyéfì ni ẹni tó túmọ̀ rẹ̀. Megakles ni alátakò wọn, òun ló ṣe alárinà, òun náà ló wá dájọ́, àwọn èèyàn rẹ̀ ló sì pa wọ́n. Ní Olympia, bí ẹsẹ̀ sárésáré kan bá yọ̀, kì í ṣe ẹni tó ń bá a sáré ló ń sọ ohun tó túmọ̀ sí.

Ẹlẹ́rìí méjì, ọ̀rọ̀ méjì

Herodotus kọ tirẹ̀ ṣáájú Thucydides, ọ̀rọ̀ wọn ò sì bára mu. Herodotus ò sọ pé Kylon sá lọ. Ó ní òun náà sá di ère òrìṣà, ó sì ní àwọn kan tí wọ́n ń pè ní prytaneis àwọn naukraroi, tí wọ́n ń darí Áténì nígbà náà, ni wọ́n mú wọn dìde pẹ̀lú ìlérí pé wọn ò ní pa wọ́n. Ìdílé Alkmeon ni wọ́n wá fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn. Thucydides, bí ẹni ń tún ọ̀rọ̀ ọmọdé ṣe, ní àwọn archon mẹ́sàn-án ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀ràn ìlú nígbà náà.

Ẹ lè rò pé àwọn òpìtàn ń janpata lórí orúkọ oyè lásán ni. Rárá o. Bó bá jẹ́ pé àwọn mìíràn ló ṣèlérí, ẹ̀bi ìdílé Alkmeon fúyẹ́. Bó bá jẹ́ pé archon ló ṣèlérí, Megakles ló fọwọ́ ara rẹ̀ ba ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ jẹ́. Ó jọ lójú mi pé ìtàn tí Herodotus gbọ́, ó ti gba ẹnu ìdílé náà kọjá kó tó dé etí rẹ̀. Igba ọdún lẹ́yìn ìpànìyàn, wọ́n ṣì ń jẹ́jọ́ rẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn èèyàn máa ń gbé ká lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 2016 ti ayé ìsinsìnyí, àwọn awalẹ̀pìtàn tó ń wa ilẹ̀ ní Phaleron, etíkun Áténì, kan eegun nǹkan bí ọgọ́rin èèyàn tí wọ́n tò sínú kòtò, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ irin wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Ìkòkò kékeré méjì tó wà pẹ̀lú wọn fi hàn pé láàárín 650 sí 625 ni. Kíá, ìròyìn gbòde pé àwọn èèyàn Kylon nìyẹn. Ọdún bá a mu, mi ò jiyàn. Àmọ́ èèyàn tí wọ́n sọ lókùúta lójú ọ̀nà, tí wọ́n sì dúńbú lórí pẹpẹ, ta ló ráyè fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè wọ́n kó tó dọ́wọ́ ikú? Mo fi àwọn eegun yẹn sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà.

Ohun tó tìdí rẹ̀ yọ

Ìjà ò parí. Àwọn tó ṣẹ́ kù nínú ẹgbẹ́ Kylon tún gbérí, wọ́n sì ń bá ìran Megakles fà á. Orúkọ tí wọ́n sọ ìdílé Alkmeon ni enageis, àwọn tí èérí ẹ̀jẹ̀ wà lára wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí láyé ìgbà náà, ohun tó kàn ni ẹ̀san: ìwọ pa ará ilé mi, èmi pa tìẹ, ọmọ mi pa ọmọ rẹ.

Lọ́dún 621, Drakon kọ òfin fún Áténì. Ẹ̀kọ́ ilé-ìwé máa ń sọ fún wa pé òfin Drakon le bí ojú ẹja, pé ikú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ̀ka òfin rẹ̀ kan ṣoṣo tó tẹ̀ wá lọ́wọ́, ti ìpànìyàn, kò jọ bẹ́ẹ̀ rárá. Lọ́dún 409, Áténì tún un gbẹ́ sára òkúta mábù, òkúta náà sì wà ní mùsíọ́ọ̀mù ní Áténì títí dòní. Ó ní bí ẹnì kan bá pa èèyàn láì gbèrò rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó fi ìlú sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin 51 tí wọ́n ń pè ní ephetai ni yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Baba òkú, arákùnrin òkú àti àwọn ọmọkùnrin òkú lè dárí jì í bí gbogbo wọn bá fohùn ṣọ̀kan. Bí ẹyọ ẹnì kan bá kọ̀, ti ẹni tó kọ̀ ló ṣẹ. Bí òkú ò bá ní èèyàn rárá, àwọn 51 yìí yóò yan mẹ́wàá nínú àwọn ará ẹgbẹ́ ìran rẹ̀ láti ṣe é.

Apá tó wà níwájú díẹ̀ ló mú mi dúró. Bí apànìyàn náà bá ti jáde nílùú, tó sì jìnnà sí ọjà ààlà, sí ibi ìdíje àti sí ìrúbọ tí àwọn ìlú jọ ń ṣe, ẹni tó bá lọ pa á níbi tó wà, ẹjọ́ kan náà ni yóò jẹ́ bí ìgbà tó pa ọmọ Áténì. Ẹ gbọ́ ìyẹn. Ọjà ààlà, ìdíje, ìrúbọ: ibi mẹ́ta tí ẹni tí wọ́n lé nílùú lè ti bá àwọn èèyàn òkú pàdé lójú ara wọn. Wọ́n lé e kúrò níbẹ̀, wọ́n sì dáàbò bo ẹ̀mí rẹ̀ níbòmíràn. Okùn òwú àwọn èèyàn Kylon já lójú ọ̀nà. Drakon gbìyànjú láti hun èyí tí kò ní já.

Ìgbà tó yá, ìdílé Alkmeon pẹ̀lú dé iwájú adájọ́. Plutarch ní Solon, ọlọ́gbọ́n ará Áténì, ló pàrọwà fún wọn. Ọ̀ọ́dúnrún èèyàn láti ilé ọlá jókòó, Myron ará Phlya ló fẹ̀sùn kàn wọ́n, wọ́n sì jẹ̀bi. Àwọn tó wà láàyè, wọ́n lé wọn jáde nílùú. Àwọn tó ti kú, wọ́n hú eegun wọn, wọ́n dà á sí ẹ̀yìn ààlà. Ó burú létí, àmọ́ ẹ wò ó: ọ̀ọ́dúnrún èèyàn, olùfisùn kan, ìdájọ́ kan, kò sì sẹ́ni tó kú níbẹ̀. Epimenides ará Kirete wá wẹ ìlú mọ́, wọ́n fẹ́ kó owó fún un, ẹ̀ka igi ólífì kan ló gbà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Solon gorí oyè lọ́dún 594. Ó pa gbogbo òfin Drakon rẹ́, ti ìpànìyàn nìkan ló fi sílẹ̀. Nǹkan kékeré kan wà nínú tirẹ̀ tí mo rò pé Kylon ló wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó ń ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èrò tèmi nìyẹn: ó dá iye tí ìlú yóò máa fún ọmọ Áténì tó bá borí nínú ìdíje. Olympia, dírákímà 500; Isthmia, ìdíje Gíríìkì mìíràn, 100. Owó kékeré kọ́, nítorí nínú òfin rẹ̀ kan náà dírákímà kan ni àgùntàn kan. Ẹni tó bá gbadé, ọwọ́ ìlú ni yóò ti gbẹ̀bùn, iye rẹ̀ á sì lójú. Bó bá gbà á tán, ó dọ́gba.

Kò tètè ran gbogbo èèyàn. Lábẹ́ Peisistratos àti àwọn ọmọ rẹ̀, tí àwọn náà jẹ́ tyrannos ní Áténì, Kimon tó jẹ́ baba Miltiades borí ní Olympia pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin mẹ́rin nígbà tí wọ́n ti lé e nílùú. Ó tún borí lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kí wọ́n kéde orúkọ Peisistratos dípò tòun, Peisistratos sì gbà á padà sílé. Ó fi abo ẹṣin kan náà borí lẹ́ẹ̀kẹta lórúkọ ara rẹ̀. Peisistratos ti kú nígbà yẹn. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí wọ́n ba dè é lóru, wọ́n pa á. Wọ́n sin àwọn ẹṣin náà síwájú sàréè rẹ̀. Níbi tí ẹnì kan ṣoṣo ti ni ìlú, ẹni tó borí gan-an ni ẹni tó wà nínú ewu.

Àpáàdì

Lọ́dún 508, ìtàn fẹ́ẹ̀ ṣe bí ẹni ń yí òpó po. Kleisthenes, ọmọ ìdílé Alkmeon, àti Isagoras ń du ipò. Isagoras ké sí Kleomenes ọba Sparta, òun náà yọ ègún Kylon jáde, wọ́n sì fi lé 700 agbo ilé nílùú. Isagoras àti Kleomenes wá gun Akropolis lọ. Àwọn ará ìlú tún yí àpáta ká. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n bá àwọn ará Sparta ṣàdéhùn pé kí wọ́n máa lọ, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n lọ. Àwọn ọmọ Áténì tó bá wọn gun òkè ni wọ́n pa. Àdéhùn dúró fún àjèjì. Ti ọmọ ilé ṣì kù.

Kleisthenes padà dé, ó sì tún ìlú tò: ẹ̀yà mẹ́wàá, ìgbìmọ̀ 500. Òun ni wọ́n sọ pé ó gbé ìdìbò àpáàdì kalẹ̀. Lọ́dọọdún, wọ́n á bi àwọn ará ìlú bóyá wọ́n fẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ á pé, oníkálùkù á mú àfọ́kù ìkòkò, á ha orúkọ ẹni tó rò pé ó ti ń tóbi jù sí i lára, á lọ jù ú síbi tí wọ́n ti ń kà á. Bó bá ti pé 6,000, ẹni tí orúkọ rẹ̀ pọ̀ jù á fi ìlú sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ilé rẹ̀ kò bọ́, oko rẹ̀ kò bọ́. Kò sí ẹ̀sùn, kò sí ìdájọ́. Bí ọdún bá pé, á padà wálé.

Ìgbà kejì tí wọ́n lò ó, láàárín 487 sí 486, Megakles ọmọ Hippokrates ló bá. Ọmọ ìran Megakles àkọ́kọ́ ni, orúkọ ni wọ́n fi jọ. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpáàdì tí wọ́n wú jáde ní Kerameikos ní Áténì, orúkọ rẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ bí iyanrìn. Ọ̀pọ̀ wọn, orúkọ òun àti ti baba rẹ̀ nìkan. Ẹnì kan kọ ọ́ pé ẹlẹ́gùn-ún ni. Òmíràn dárúkọ Kylon. Òmíràn ẹ̀wẹ̀, ẹṣin tó ń sìn ló ń bí i nínú.

Megakles jáde nílùú láàyè. Lọ́dún 486 kan náà, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin mẹ́rin rẹ̀ borí nínú ìdíje ní Delphi, níbi tí Kylon ti lọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òrìṣà. Òfin Drakon ì bá ti lé apànìyàn kúrò ní irú ibẹ̀, òfin àpáàdì ò sì ní in lára. Pindar akéwì kọrin yìn ín, ó yin ìdílé Alkmeon, ó yin Áténì tó lé e, ó wá fi kún un pé ó dun òun pé ìlara ni wọ́n fi ń san iṣẹ́ rere.